Kí Ọmọ Ẹgbẹ́ Tó Gbéra Lọ sí Houston: Ohun Tí Ojú Mi Rí àti Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ẹ Mọ̀

 

Ní ìpàdé wa kan tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan wáyé tí ó mú kí ìgbìmọ̀ ní kí n jókòó kọ ìwé yìí. Ìyá kan nínú wa ní òun fẹ́ yá owó nínú àpótí ẹgbẹ́, kí òun fi lọ sí Amẹ́ríkà lọ́dọ̀ ọmọ òun tí oyún rẹ̀ ti ń sún mọ́ oṣù ìbí. A bi í pé ìlú wo ni ọmọ náà wà. Ó ní, "Amẹ́ríkà náà ni." A bi í pé ta ni ń bá a ṣe ìwé. Ó ní ọmọkùnrin kan ni, ó sì ti gba ìdajì owó lọ́wọ́ òun. Gbogbo ilé dákẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà parí sí, n ó sọ ọ́ nígbẹ̀yìn.

Èmi tí mo ń kọ̀wé yìí, aṣọ ni mò ń tà. Ní ọdún 2023 mo lọ sí Houston lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin tí ó ń ṣe nọ́ọ̀sì níbẹ̀, mo sì lo oṣù mẹ́rin. Ohun tí mo ṣe tí ó dára, n ó sọ ọ́. Èyí tí mo ṣe tí ó jẹ mí níyà, n ó sọ ọ́ pẹ̀lú, nítorí ẹni tó bá ti kọ lẹ́sẹ̀ ló ń sọ fún ará ẹ̀yìn pé òkúta wà lọ́nà.

ÌLÚ WO NI HOUSTON?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí à ń lọ. Amẹ́ríkà kì í ṣe ìlú kan bí Ìbàdàn tí ènìyàn lè sọ pé òun ó wọ mọ́tò láti Mọ́kọ́lá dé Chálẹ́ńjì. Ìpínlẹ̀ àádọ́ta ni. Ìpínlẹ̀ Texas ni Houston wà, lápá gúúsù, kò jìnnà sí òkun. Texas nìkan ṣoṣo tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà. Láti Houston dé New York lójú títì ju 2,500 kìlómítà lọ. Nítorí náà bí ọmọ yín bá ń gbé New York, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta tíkẹ́ẹ̀tì Houston fún yín nítorí pé owó rẹ̀ rọjú. Ìrìn tí ó kù yóò ju èyí tí ẹ rò lọ.

Ọdún 1836 ni wọ́n tẹ Houston dó, orúkọ Sam Houston tí ó jẹ́ olórí ogun àwọn ará Texas ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní ọdún 2020, àwọn tó wà nínú ìlú náà lé ní mílíọ̀nù méjì àti ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún. Òun ló ṣe ìkẹrin nínú àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà, lẹ́yìn New York, Los Angeles àti Chicago. Iṣẹ́ epo rọ̀bì ló sọ ọ́ di ńlá. Àwọn ọmọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ níbẹ̀ láti bí ọdún 1970 sí 1980, nígbà tí wọ́n ń lọ kàwé ní àwọn yunifásítì bíi Texas Southern University àti University of Houston. Àwọn kan dúró síṣẹ́ epo, àwọn mìíràn di nọ́ọ̀sì àti dókítà, wọ́n sì ń fa ara wọn wá. Ooru ibẹ̀ náà kò ṣàjèjì sí wa.

Lónìí, bí ẹ bá dé ìhà gúúsù òun ìwọ̀ oòrùn ìlú náà, ní òpópónà Bissonnet àti àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Alief, ẹ ó rí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta èlùbọ́, ẹ ó rí ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń ro àmàlà, ẹ ó rí aránṣọ tó mọ búbá òun ìró. Ṣọ́ọ̀ṣì wà, mọ́sáláṣí wà. Ẹ má ṣe rò pé ebi àmàlà yóò pa yín. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí a bá dé ibi ẹrù.

ÌWÉ LẸSẸ̀ ÌRÌNÀJÒ

Àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ kò yẹ kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ọ̀rọ̀ ìwé. Àwọn bàbá wa kún Tamale, wọ́n kún Kumasi, wọ́n ń ṣòwò. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gáná ní kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó ti kọ́lé síbẹ̀ fi ilé sílẹ̀. Ẹni tó yáwó fún onílẹ̀ fi gbèsè sílẹ̀. Àwọn àgbà tí ó kù láàyè nínú wa ṣì ń sọ ọ́ títí dòní. Ohun tí ó dá wọn padà kì í ṣe pé wọn kò lè ṣiṣẹ́. Ìwé ni.

Páásípọ̀ọ̀tù nìkan kò mú ni wọ Amẹ́ríkà. Físà gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń tọrọ físà àbẹ̀wò ní láti kọ fọ́ọ̀mù tí a ń pè ní DS-160 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó san owó, kí ó sì lọ fojú kojú pẹ̀lú òṣìṣẹ́ wọn, ní Èkó tàbí ní Àbújá. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni wọ́n ti gbé owó fọ́ọ̀mù náà dé 185 dọ́là. Bí wọ́n bá fún yín, owó náà ti lọ. Bí wọn kò bá fún yín, owó náà ti lọ.

Nísinsìnyí, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ní oṣù Keje ọdún 2025, Amẹ́ríkà sọ pé ọ̀pọ̀ físà tí wọ́n bá fún ọmọ Nàìjíríà yóò jẹ́ ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, oṣù mẹ́ta péré ni yóò sì fi ṣiṣẹ́. Nígbà tí ó di oṣù Kejìlá ọdún kan náà, Ààrẹ Trump fọwọ́ sí àṣẹ mìíràn tí ó dá físà àbẹ̀wò, físà ìṣòwò àti ti ìwé kíkà dúró fún àwọn ọmọ Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026, àyàfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀. Físà tí ó ti wà nínú páásípọ̀ọ̀tù ẹni kí ọjọ́ náà tó dé kò torí èyí kú. Ẹni tó ní ìwé ìgbélùú Amẹ́ríkà, èyí tí a ń pè ní káàdì ewé, àṣẹ náà kò dí i lọ́nà.

Kí ni ìtumọ̀ èyí fún ọmọ ẹgbẹ́? Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ kọ́kọ́ wádìí bí òfin ṣe rí lọ́jọ́ náà gan-an, láti ẹnu ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀. Irú òfin yìí lè yí láàárọ̀, kí ó tún yí lálẹ́. Kò sí àjẹ́ńtì kankan tí ó ní ẹ̀yìnkùlé tí yóò gbà wọlé. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun mọ ènìyàn nínú ilé iṣẹ́ náà, owó yín ni ó mọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n kọ irọ́ sí fọ́ọ̀mù fún yín, pé ẹ ní ilé epo mẹ́ta, nígbà tí ó jẹ́ ṣọ́ọ̀bù ata lẹ ní. Orúkọ yín ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ti àjẹ́ńtì. Wọ́n lè torí irọ́ kan ti ìlẹ̀kùn mọ́ yín títí ayé.

Ohun tí ó ṣe mí láǹfààní lọ́jọ́ tèmi ni ìwé ọjà mi: ìwé owó àjọ inú ẹgbẹ́ wa yìí, rìsíìtì owó ṣọ́ọ̀bù, àti ìwé báǹkì. Wọ́n fẹ́ mọ̀ pé ẹni náà ní ohun tí yóò mú un padà sílé. Nítorí náà ẹ máa tọ́jú ìwé yín, kódà bí ẹ kò bá rìnrìn àjò.

ẸRÙ: GBOGBO OHUN TÍ A FẸ́RÀN KỌ́ NI A LÈ GBÉ

Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo ra pọ̀nmọ́, mo sá a gbẹ. Mo yan ẹran ìgbẹ́. Mo wé e ní bébà, mo fi sáàárín aṣọ, mo ní ta ni yóò mọ̀. Nígbà tí wọ́n bi mí ní pápákọ̀ òfuurufú bóyá mo gbé oúnjẹ, mo mi orí pé rárá. Wọ́n tú àpótí. Gbogbo rẹ̀ jáde síta lójú ayé, wọ́n sì kó o dànù. Ojú tì mí ju bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ àká lọ. Orí ló kó mi yọ, wọ́n kìlọ̀ fún mi ni wọ́n ní kí n máa lọ. Òfin wọn ni pé ẹni tó bá fi oúnjẹ pamọ́ lè san ìtanràn tí ó lè tó 10,000 dọ́là.

Ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà rèé. Ẹran láti ilẹ̀ wa kò gbọdọ̀ wọlé, ì báà jẹ́ tútù, gbígbẹ tàbí yíyan. Pọ̀nmọ́ wà nínú ẹran. Ẹran ìgbẹ́ tilẹ̀ burú ju gbogbo rẹ̀ lọ lójú wọn, nítorí àìsàn. Èso tútù, ewé tútù àti hóró tí a lè gbìn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Gàrí, èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ tí a dì dáadáa sábà máa ń kọjá, ṣùgbọ́n aṣọ́bodè tó wà níbẹ̀ ló ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Òfin tó ga jù ni pé kí ẹ sọ ọ́. Bí wọ́n bá bi yín, ẹ ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbé oúnjẹ." Ẹni tó bá sọ ọ́ tí wọ́n gbà á, oúnjẹ nìkan ló pàdánù. Ẹni tó bá fi pamọ́ ló ń sanwó. A sáà ti sọ pé èlùbọ́ wà ní Bissonnet.

Ẹ wọn ẹrù yín nílé. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfuurufú gbà kí àpótí kan wọn 23 kìlógíráàmù. Èyí tó bá lé, owó ni. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni gbé dìídì tí ẹ kò tú wò, ì báà jẹ́ ọmọ pásítọ̀ tàbí ọmọ ààfáà. Ohun tó bá wà nínú àpótí yín, tiyín ni lójú òfin.

Oògùn yín, ẹ jẹ́ kí ó wà nínú ike tí wọ́n fi tà á, kí ìwé dókítà sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ fi sínú báàgì ọwọ́, kì í ṣe inú àpótí tó lè ṣìnà. Ẹ gbé èyí tí yóò tó yín títí ẹ ó fi padà. Àgbo inú ìgò, ẹ fi sílẹ̀ sílé.

Ní ti owó, kò sí òfin tí ó ní kí ènìyàn má gbé owó púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ju 10,000 dọ́là lọ, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún aṣọ́bodè wa níhìn-ín, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún tiwọn lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá fi pamọ́ lè pàdánù gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ra ọjà, ẹ fi èyí sọ́kàn.

NÍ PÁPÁKỌ̀ ÒFUURUFÚ

Òṣìṣẹ́ kan yóò bi yín ní ìbéèrè: Ta ni ẹ wá bá? Níbo ni ó ń gbé? Ọjọ́ mélòó ni ẹ ó lò? Ẹ kọ àdírẹ́sì ọmọ yín àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sínú bébà, nítorí fóònù lè kú. Bí ẹ kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì wọn, ẹ ní kí wọ́n pe ògbufọ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ohun tí ń kó ni sí wàhálà ni kí a máa sọ "yẹs" sí ohun tí a kò gbọ́.

Ọjọ́ tí físà yín yóò parí yàtọ̀ sí ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ kúrò nílùú. Físà ni kọ́kọ́rọ́ ìlẹ̀kùn. Òṣìṣẹ́ tí ẹ bá lẹ́nu ọ̀nà ló ń sọ iye ọjọ́ tí ẹ lè lò nínú ilé, àkọsílẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n sì ń pè ní I-94. Ọ̀fẹ́ ni láti wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín wò ó, kí ẹ sì kọ ọjọ́ náà sára ògiri. Ẹni tó bá gbé ju ọjọ́ náà lọ, físà rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹni tó bá fi ju 180 ọjọ́ lọ ṣùgbọ́n tí kò tó ọdún kan, tí ó wá kúrò, kò ní lè padà wọlé fún ọdún mẹ́ta. Bí ó bá pé ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọdún mẹ́wàá ni.

Iṣẹ́ owó kò sí nínú físà àbẹ̀wò. Kí ìyá tọ́jú ọmọ-ọmọ rẹ̀, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ owó. Ṣùgbọ́n kí ó máa dirun fún aládùúgbò kí wọ́n san dọ́là fún un, òfin kò gbà á. Oníṣòwò lè wo ọjà, ó lè bá oníléeṣẹ́ dúnàádúrà, ó lè ra ọjà wá sílé. Kí ó máa jókòó ta aṣọ òkè níbẹ̀ kọ́.

Àti pápákọ̀ George Bush tí ó wà ní ìhà àríwá ìlú, ọ̀nà jìn gan-an dé Alief. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń gbà yín mọ aago tí ẹ ó dé, ní aago tiwọn. Aago wọn gbẹ̀yìn tiwa ní wákàtí mẹ́fà láti oṣù Kẹta títí dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, ó sì ń di wákàtí méje ní oṣù yòókù. Bí ó bá jẹ́ aago mẹ́jọ àárọ̀ ní ọjà Akẹ̀sán, òru aago méjì tàbí aago kan ni lọ́dọ̀ wọn. Ẹ dákun, ẹ má pe ọmọ lóru nítorí owó aṣọ ẹbí.

ỌJÀ ÀTI OWÓ

Èyí ni yóò dun àwa oníṣòwò mọ́ra, nítorí náà n ó dúró díẹ̀ síbẹ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, a kì í ná ọjà ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ni. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo ní kí ọmọbìnrin tó ń gbowó gba dọ́là mẹ́wàá lórí bàtà dọ́là mẹ́rìnlélógún. Ọmọ náà rò pé n kò ní owó ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàánú mi. Àmọ́ ọjà àlòkù tí wọ́n ń ná ní òpin ọ̀sẹ̀ wà, níbẹ̀ ẹ lè ná a bí ẹ ti mọ̀ ọ́n ná.

Lẹ́ẹ̀kejì, iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọjà kọ́ ni ẹ ó san. Owó orí ọjà wà, ní Houston dọ́là mẹ́jọ àti sẹ́ǹtì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni lórí ọgọ́rùn-ún dọ́là kọ̀ọ̀kan. Ọjà ọgọ́rùn-ún dọ́là yóò di 108.25. Ọ̀pọ̀ oúnjẹ tí a ń rà lọ sè nílé kò ní owó orí yìí, ṣùgbọ́n aṣọ, bàtà àti ẹ̀rọ ní in. Ẹni tó ń ṣírò èrè rẹ̀ kó ṣírò èyí mọ́ ọn.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ má ra ẹ̀rọ alágbára iná láìka ẹ̀yìn rẹ̀. Iná wọn jẹ́ 120 fóòtù, tiwa jẹ́ 230 sí 240. Mo ra ẹ̀rọ ìlọta dáradára kan, mo gbé e dé Ògbómọ̀ṣọ́, mo kì í bọ iná, ó ké lẹ́ẹ̀kan, èéfín sì sọ. Bí wọ́n bá kọ "100–240V" sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ, kò séwu. Bí ó bá jẹ́ "120V" nìkan, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, ẹ ṣọ́ra fún bí wọ́n ti ń kọ ọjọ́. Oṣù ni wọ́n ń kọ ṣáájú. 6/8 lọ́dọ̀ wa ni ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ. Lọ́dọ̀ wọn, ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹfà ni. Nítorí èyí, mo pàdánù ọjọ́ tí dókítà eyín dá fún mi. Máìlì ni wọ́n fi ń wọn ọ̀nà, pọ́n-ùn ni wọ́n fi ń wọn ẹran. Kìlógíráàmù kan lé díẹ̀ ní pọ́n-ùn méjì.

Nílé oúnjẹ tí wọ́n ti ń gbé oúnjẹ wá bá ni lórí tábìlì, wọ́n ń retí pé kí a fi nǹkan sílẹ̀ fún ẹni tó gbé e wá, bíi dọ́là mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún lórí ọgọ́rùn-ún. Owó ọ̀yà wọn ló wà níbẹ̀, ẹ má kà á sí rìbá.

ÌLERA

Èyí ló lè ta ilé ẹni. Ilé ìwòsàn wọn dára, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bí ènìyàn bá dákú, òfin wọn láti ọdún 1986 ni pé kí ilé ìwòsàn tó ní ibi ìtọ́jú pàjáwìrì yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì dá ẹ̀mí rẹ̀ dúró, ì báà lówó, ì báà má lówó. Ṣùgbọ́n ìwé gbèsè yóò tẹ̀ lé e dé ilé ọmọ rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí ọmọ yín ra ìwé adójútòfò ìrìnàjò kí ẹ tó wọ ọkọ̀, kí ẹ sì bèèrè bóyá ó gba àìsàn tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ. Ọ̀pọ̀ kì í gbà á. Ẹ lọ rí dókítà níhìn-ín kí ẹ tó lọ.

Ẹ kò lè yà sí ṣọ́ọ̀bù oògùn kí ẹ ní kí wọ́n po oògùn ibà pọ̀ fún yín. Oògùn pa-kòkòrò kò ṣeé rà láìní ìwé dókítà. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 911, fún iná, fún ọlọ́pàá, fún àìsàn. Ẹ kọ́ bí ẹ ó ṣe sọ àdírẹ́sì ilé ọmọ yín ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ kọ́ ọ sórí bí ọmọ ilé ìwé.

OJÚ ỌJỌ́

Oṣù Kẹfà dé ìkẹsàn-án, ooru Houston le ju tiwa lọ. Wọ́n lè sọ pé ọjọ́ náà jẹ́ 95. Ẹ má bẹ̀rù, Fahrenheit ni, bíi 35 tiwa ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọlé, ẹ̀rọ amúlétutù yóò fẹ́ yín bí ọyẹ́. Ẹ mú súẹ́tà lọ, àní nígbà ooru. Oṣù Kejìlá sí Ìkejì ni òtútù tirẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, yìnyín bo Texas, iná mànàmáná lọ fún ọjọ́ púpọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kú.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà dé òpin oṣù Kọkànlá ni àkókò ìjì òkun. Ìjì Harvey mú omi wọ ilé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017. Ìjì Beryl gba iná lọ́wọ́ àwọn ilé tí ó ju mílíọ̀nù méjì lọ ní oṣù Keje ọdún 2024. Bí wọ́n bá ní kí ẹ kúrò nílé, ẹ kúrò. Bí omi bá bo títì, ẹ má ní kí ọmọ wakọ̀ kọjá. Omi tí kò tó orúnkún ń gbé mọ́tò lọ.

ỌLỌ́PÀÁ, ỌKỌ̀ ÀTI ỌMỌ

Nílé, bí ọlọ́pàá bá dá mọ́tò dúró, àgbà á sọ̀kalẹ̀, á lọ bá a sọ̀rọ̀, á ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú." Ní Amẹ́ríkà, ẹ kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Ẹ jókòó síbi tí ẹ wà. Ẹ gbé ọwọ́ síbi tí yóò ti rí i. Ẹ má ki ọwọ́ bọ àpò láìsọ fún un. Ẹ má sì na owó sí i, ẹ̀wọ̀n ni.

Ìlú ọlọ́kọ̀ ni Houston. Bí kò bá sí ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni, ilé di túbú. Bọ́ọ̀sì METRO wà, dọ́là kan àti sẹ́ǹtì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni owó rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í dé ibi gbogbo. Ẹ múra ọkàn pé ẹ ó dá wà nílé láti àárọ̀ dé alẹ́ nígbà tí ọmọ bá lọ síbi iṣẹ́. Èyí ló ń pa ọ̀pọ̀ ìyá lára ju òtútù lọ. Mo sunkún ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ohun tó gbà mí ni ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ọmọ mi mú mi lọ.

Ẹ má fi ọmọ kékeré sílẹ̀ nínú mọ́tò kí ẹ ní ẹ fẹ́ yà ra iyọ̀. Ní Texas, ẹ̀ṣẹ̀ ni láti fi ọmọ tí kò tó ọdún méje sílẹ̀ nínú mọ́tò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ láìsí ẹni tó ti pé ọdún mẹ́rìnlá pẹ̀lú rẹ̀. Ooru inú mọ́tò sì ń pa ọmọ kíákíá.

Ọ̀RỌ̀ ÌKẸYÌN

Mo ṣèlérí pé n ó sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ìyá yẹn parí sí. Ìgbìmọ̀ ní kí ó kọ́kọ́ pe ọmọkùnrin náà lójú wa, kí ó bèèrè nọ́ńbà fọ́ọ̀mù tí ó ní òun ti kọ. Ó pè é. Ó ní òun ó padà pè. Títí di òní, fóònù náà kò lọ mọ́. Ìdajì owó náà ti wọmi. Ṣùgbọ́n owó ẹgbẹ́ tí yóò tẹ̀ lé e kò jáde, ìyá wa kò sì wọ gbèsè. Ọmọ rẹ̀ ti bímọ láyọ̀, ojú fóònù ni ó ti rí ọmọ náà. Ó ní kò tó òun, òótọ́ ni, kò tó. Ó ṣì ń dá owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pé bí ọ̀nà bá là, òun ó lọ.

Ìmọ̀ràn mi fún gbogbo wa nìyí. Owó ẹgbẹ́ wà fún ohun tí yóò mú owó wá: ọjà, ẹ̀rọ, oko. Owó físà jẹ́ owó tí ó lè lọ kí ó má mú ohunkóhun padà. Ẹ fi owó tí ẹ dá fúnra yín ṣe é, tàbí kí ọmọ tó ń pè yín san án. Ẹni tó bá sì ti ní físà tó péye lọ́wọ́, tó fẹ́ yáwó ra tíkẹ́ẹ̀tì àti ìwé adójútòfò, kó mú ìwé wá síwájú ìgbìmọ̀, a ó jọ ka a.

Ẹni tó bá ń lọ, àlọ rere, àbọ̀ rere. Kí ó sì rántí pọ̀nmọ́ mi.